Ẹ jẹ́ kí Excel fúnra rẹ̀ ka orúkọ àwọn macro inú rẹ̀ fún yín

Fáìlì Excel tí ẹlòmíràn ti kọ macro (àṣẹ tí Excel ń tẹ̀lé láti ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀) sínú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé fún mi. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo macro tó wà níbẹ̀. Ẹ má gbára lé Alt+F8, tó ń ṣí àkójọ macro, fún èyí: kì í fi Function (èyí tó ń dá èsì padà) hàn, kì í fi Sub (èyí tó kàn ń ṣe iṣẹ́) tó ń gba argument, ìyẹn ohun tí a ń fún un kó lò, hàn, èyí tí wọ́n sì kọ Private síwájú rẹ̀ kò ní yọjú rárá.

Ẹ lọ sí File, Options, Trust Center, Trust Center Settings, Macro Settings, kí ẹ fi àmì sí "Trust access to the VBA project object model". Láìṣe bẹ́ẹ̀, kóòdù ìsàlẹ̀ yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ yọ àmì náà tí ẹ bá ṣe tán, torí àyè tó ṣí sílẹ̀ fún yín ṣí sílẹ̀ fún macro burúkú náà. Bí project náà, ìyẹn àkójọ kóòdù inú fáìlì, bá ní password, ẹ fi ṣí i ná.

Ẹ dá ṣíìtì tuntun sílẹ̀, kí ẹ pè é ní Akojo. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ àmì orí rẹ̀ ni: níbi tí a ti ń kọ VBA, èdè tí wọ́n fi ń kọ macro, lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ sábà máa ń di àmì ìbéèrè. Ẹ tẹ Alt+F11, ẹ mú Insert, Module (ojú ewé tí a ń kọ kóòdù sí), kí ẹ lẹ èyí síbẹ̀, kí ẹ sì mú un ṣiṣẹ́; yóò to àwọn orúkọ náà sí kọ́lọ́ọ̀mù A nínú Akojo:

```
Sub KoOruko()
  Dim c As Object, i As Long, k As Long, r As Long, n As String
  For Each c In ThisWorkbook.VBProject.VBComponents
    If c.Type = 1 Then
      With c.CodeModule
        i = .CountOfDeclarationLines + 1
        Do While i <= .CountOfLines
          n = .ProcOfLine(i, k)
          If n = "" Then Exit Do
          r = r + 1
          ThisWorkbook.Sheets("Akojo").Cells(r, 1).Value = c.Name & "." & n
          i = .ProcStartLine(n, k) + .ProcCountLines(n, k)
        Loop
      End With
    End If
  Next
End Sub
```

Type 1 ni module lásán, òun nìkan sì ni kóòdù yìí ń wò. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ProcOfLine: ẹ fún un ní nọ́ńbà ìlà kan, á sọ orúkọ procedure (Sub tàbí Function) tó ni ìlà náà, á sì kọ irú rẹ̀ sínú k. Àwọn kan máa ń wá "Sub" kiri inú kóòdù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè wà nínú comment lásán, ìyẹn àlàyé tí Excel kì í mú ṣiṣẹ́.

Ní ti mímú wọn ṣiṣẹ́, mi ò fara mọ́ ọn kí ẹ tú gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn lè pa dátà rẹ́, macro kì í sì í ní Undo. Ẹ kọ x sí kọ́lọ́ọ̀mù B lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ti kà tó sì yé yín nìkan, kí ẹ tó lo èyí:

```
Sub SeEyiTiMoYan()
  Dim r As Long
  With ThisWorkbook.Sheets("Akojo")
    For r = 1 To .Cells(.Rows.Count, 1).End(xlUp).Row
      If .Cells(r, 2).Value = "x" Then
        Application.Run "'" & ThisWorkbook.Name & "'!" & .Cells(r, 1).Value
      End If
    Next
  End With
End Sub
```

Ẹ má yọ àmì ' méjèèjì yẹn: bí àlàfo bá wà nínú orúkọ fáìlì, Application.Run kò ní rí macro náà láìsí wọn. Macro tó ń gba argument kò bá loop yìí, tó ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, mu. Ẹ dá pè é, kí ẹ fi kọ́mà to argument rẹ̀ tẹ̀lé orúkọ, 30 ni òpin rẹ̀. Ẹ má sì kọ x sẹ́gbẹ̀ẹ́ SeEyiTiMoYan, torí yóò máa pe ara rẹ̀ títí Excel yóò fi kọṣẹ́.