Kóòdù Tó Wọlé Sórí Fóònù Yín, Ẹ Má Kà Á Fún Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Àkúrẹ́, Ìdànrè, Oǹdó, Ilé-Olújì, ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ kú ìtọ́jú. Torí owó kòkó la ṣe kọ ìwé yìí. Tẹ́lẹ̀, olè gbọ́dọ̀ já ilẹ̀kùn kó tó rí owó àgbẹ̀ kó, ṣùgbọ́n ní báyìí tó jẹ́ pé inú bánkì làwọn tó ń ra kòkó ń sanwó sí, ó lè jókòó síbi tẹ́ ò mọ̀ kó sì pè yín lórí fóònù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa ṣílẹ̀kùn fún un.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi kan lójú ọ̀nà Ìdànrè nìyẹn. Àárọ̀ ni àlẹ́ẹ̀tì owó kòkó wọlé, nígbà tó di ọ̀sán ó ń yí èyí tó kù tó sá sórí tapólì, fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, ohùn ẹ̀ tutù, ó kí i dáadáa, ó ní bánkì lòun ti ń pè, pé ATM ẹ̀ ti fẹ́ kú, pé tí wọn ò bá tún un ṣe kó tó di aago mẹ́ta, àkáǹtì yẹn máa dì pa. Ó pe orúkọ ẹ̀ àti orúkọ bàbá ẹ̀, ibẹ̀ lọkàn àǹtí mi ti balẹ̀. Ó ní nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀, kó kà á fún òun. Ọwọ́ àǹtí mi kún fún ẹ̀gbin kòkó, ló bá pe ọmọ ẹ̀ kó bá òun kà á, ọmọ sì kà á ketekete, fóò, síírò, sẹ́fún, títí tó fi pé. Kó tó yí tapólì kan tán, owó ti ń jáde. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ méjì ló fi bò ó mọ́lẹ̀ torí ojú ń tì í láti sọ fún ọkọ ẹ̀, ọjọ́ méjì yẹn gan-an lowó ọ̀hún fi rìn jìnnà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí olè yẹn ṣe mọ orúkọ. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yín sínú áàpù bánkì bíi pé òun fẹ́ fowó ránṣẹ́, orúkọ yín máa yọ síta. Àwa náà sì ń lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ọjà tá à ń tà lórí Facebook. Torí náà tẹ́nì kan bá mọ orúkọ yín, tó tún mọ bánkì yín, kò túmọ̀ sí pé bánkì ló ti ń pè.

Nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní OTP yẹn, kọ́kọ́rọ́ ni. Bánkì kankan ò ní bi yín ní OTP, wọn ò ní bi yín ní PIN, wọn ò ní bi yín ní nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì ATM. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà bánkì tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé dé ní 2014, tó jẹ́ nọ́ńbà mọ́kànlá, òun nìkan ò lè kówó yín lọ, àmọ́ olè máa ń kó o pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn, ẹ má pín in kiri. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ ṣe é kíákíá, kẹ́ ẹ má pa fóònù, kẹ́ ẹ má sọ fún ẹnì kankan, ẹ pa á mọ́ ọn lẹ́nu.

Ti ajílẹ̀ àti owó ìrànwọ́

Èyí ń mú àgbẹ̀ gan-an, torí pé òótọ́ ti wà níbẹ̀ rí. Ní 2012 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí fóònù pín ajílẹ̀ ẹ̀dínwó, tẹ́ẹ̀sì ló ń wá, ẹ á wá lọ gbà á lọ́dọ̀ oníṣòwò ajílẹ̀. Olè ń jẹun lórí ohun tá a ti mọ̀ yẹn. Líǹkì á wọ gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ BVN síbẹ̀, kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́wàá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ADP, àjọ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó máa ń wá sí abúlé yín, ojú lẹ fi mọ òun.

Àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po náà ńkọ́? MMM di owó àwọn èèyàn pa ní December 2016, CBEX náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní April 2025. Ẹ má fowó ọmọ kòkó ṣe é.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ní kẹ́ ẹ fi kóòdù ránṣẹ́

Ẹ á rí i lórí WhatsApp, nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín ni lóòótọ́, “ẹ jọ̀ọ́ kóòdù mi ṣèèṣì wá sọ́dọ̀ yín”. Olè ti gba WhatsApp ọ̀rẹ́ yẹn, tiyín ló kàn. Ẹ lọ sí Settings nínú WhatsApp, ẹ wọ Account, ẹ tan Two-step verification, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tẹ́ ò ní gbàgbé sí i. Tí ẹni tó ní òun lọmọ yín bá ń tọrọ owó lójijì, kódà kóhùn ẹ̀ jọ ọ́, torí ẹ̀rọ ti ń sín ohùn jẹ báyìí, ẹ ní kó sọ oríkì tí màmá fi ń pè é. Olè ò lè mọ ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, tẹ́ẹ̀sì àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó, ẹnikẹ́ni lè tẹ irú ẹ̀. Báláǹsì ni kẹ́ ẹ wò kọ́jà tó kúrò nílẹ̀.

Bẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ tẹ *21* àti nọ́ńbà kan tẹ̀lé e, ó fẹ́ kí ìpè yín máa lọ sọ́dọ̀ òun ni. Ẹ tẹ *#21# láti fi wò ó, ẹ tẹ ##002# láti fi pa á.

Tówó bá ti lọ

Ẹ pe bánkì lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ fóònù aládùúgbò lẹ máa yá, ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Bí sìmù yín bá ṣàdédé kú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn tó yí yín ká sì ń ṣiṣẹ́, irú ìpè kan náà ni kẹ́ ẹ pè, torí ẹlòmíràn lè ti gba nọ́ńbà yín sórí sìmù tiẹ̀. Ẹ má pa tẹ́ẹ̀sì rẹ́, aago àti iye owó wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ lọ sí bánkì lọ́jọ́ yẹn náà, kẹ́ ẹ kọ̀wé, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀ tí wọ́n buwọ́ lù, kẹ́ ẹ wá mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó. Ẹni tó bá pè lẹ́yìn ìyẹn pé òun lè bá yín gba owó padà tẹ́ ẹ bá san nǹkan, olè ni òun náà.

Lónìí, ẹ mú bírò, ẹ wo ẹ̀yìn káàdì ATM yín, nọ́ńbà bánkì wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára bébà kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tọmọdé ilé bá ti mọ̀wé kà, ẹ fi hàn án.