Bí mo ṣe ń tún ọkọ̀ ojú irin kékeré mi ṣe n'Iléṣà

Bí ọyẹ́ bá dé lẹ́yìn ààfin Ọwá níbí, eruku kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré mi rìn. InterCity 125 ni wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀, ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ gidi, ó sì ń sáré tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Tèmi ńkọ́? Orí kan ló ní mọ́tò, èkejì kàn ń tẹ̀lé e ni. Èyí tó wúwo jù ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ. Ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu táyà irin rẹ̀ títí òwú ò fi ní dúdú mọ́. Kó má kan táyà tó ní rọ́bà o. Ẹ nu irin tó ń gbà kọjá náà, àmọ́ ẹ má fi sáńpépà họ ọ́! Mo ṣe é rí. Ojú ibi tí mo họ wá di ilé eruku.

Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí jíà, ẹ̀kán kan péré. Télọ̀ ni ìyàwó mi. Òṣómàáló ló fi ń gba owó epo rẹ̀ lọ́wọ́ mi.