Bí mo ṣe ṣètò ẹ̀jẹ̀ fún wíwọn métábóláìtì nínú àìsàn àtọ̀gbẹ

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kì í dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí pé a ti fà á kúrò lára. Nínú túùbù, ó ṣì ń jẹ ṣúgà (glucose), ó ṣì ń tú lactate jáde; irú èròjà kéékèèké tí ara ń lò tàbí tó ń mú jáde báyìí là ń pè ní métábóláìtì. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá gbàgbé sórí tábìlì fún wákàtí kan lè pàdánù nǹkan bí 5 sí 7% nínú glucose rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá yìnyín kí n tó wá abẹ́rẹ́.

Àárọ̀ ni mo gba ẹ̀jẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí kò jẹun láti alẹ́. Túùbù EDTA ni mo lò fún gbogbo wọn; EDTA, heparin àti citrate jẹ́ èròjà inú túùbù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má da EDTA àti heparin pọ̀ nínú iṣẹ́ kan, ẹ sì sá fún túùbù citrate: métábóláìtì ni citrate fúnra rẹ̀, ti inú túùbù á sì bo ti inú ara mọ́lẹ̀. Mo yí túùbù lórí kodò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì tì í bọ inú yìnyín. Kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ó ti wà nínú sẹntrifúùjì, ẹ̀rọ tó ń fi eré yí túùbù kí sẹ́ẹ̀lì lè rọ̀ sísàlẹ̀: 2,000 × g (ìlọ́po 2,000 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan), ìṣẹ́jú 10, 4°C. Mo fa pílásímà, omi ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè, ṣùgbọ́n mo fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè sẹ́ẹ̀lì funfun kí ẹnu pípẹ́ẹ̀tì má bàa kàn wọ́n. Pílásímà tó bá pọ́n, sẹ́ẹ̀lì pupa ti bẹ́ sínú rẹ̀; mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Mo pín ìyókù sí 100 µL (ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà) kí n tó gbé e sí −80°C, nítorí dídì àti yíyọ́ léraléra ń ba èròjà jẹ́.

Nígbà tó kan yíyọ èròjà, mo jẹ́ kí 100 µL yọ́ lórí yìnyín, mo da 400 µL methanol (irú ọtí olóró kan) tó tutù dé −20°C sí i. Pùròtéènì á dì bíi wàrà tí a fi omi bomubomu sí. Inú methanol yẹn náà ni mo ti fi ìwọ̀n kan pàtó glucose oní-13C sí (kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wúwo ju ti inú ara lọ, ẹ̀rọ sì lè dá a mọ̀ yàtọ̀), kí n lè mọ ohun tó ṣòfò lójú ọ̀nà. Mo gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30, mo gbé e sí −20°C fún wákàtí kan, mo yí i ní 14,000 × g fún ìṣẹ́jú 15. Omi òkè nìkan ni mo fà. Pùròtéènì tó bá bá a wọlé á dí kọ́lọ́ọ̀mù, ọ̀pá tóóró inú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn métábóláìtì.

Mo fa 10 µL láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò àjọpò kan, mo sì ń wọn ìgò yìí lẹ́yìn àyẹ̀wò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Èròjà tí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìgò kan náà yìí bá ń yàtọ̀ síra kọjá 30%, mi ò gbà á gbọ́. Mo tún to àyẹ̀wò alátọ̀gbẹ àti ti aláìní-àìsàn sáàárín ara wọn: bí ọ̀wọ́ kan bá ṣáájú èkejì, àárẹ̀ ẹ̀rọ á fara jọ àìsàn. Ìgò tí methanol nìkan wà nínú rẹ̀ náà wọ inú ẹ̀rọ. Ohunkóhun tó bá yọjú níbẹ̀, láti ara ike tàbí methanol ló ti wá, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú àbájáde.