Òfin Tó Ti Kógbá Wọlé Ni Wọ́n Tà Fún Mi: Bí Mo Ṣe Lóye Máàkì Eré Orí Yìnyín

Owó mi ni ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ó tà á sọ pé ó ṣàlàyé gbogbo òfin ìdíje eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Dọ́là ni ó dá lé e, gbogbo ẹni tí ó bá sì ń gba owó oṣù ní náírà ní Àbújá níbí ni ó mọ bí ìyẹn ṣe ń dun ni tó. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kubwa, kàn fẹ́ mọ ìdí tí àwọn adájọ́ fi ń fún ẹnìkan ní máàkì ju ẹlòmíràn lọ ni.

Oríṣi ìfò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ṣòro mọ̀ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo fídíò. Ibi tí a há sí ni ìṣírò. A gbé ìwé èsì kan, èyí tí ó ń to máàkì ìfò kọ̀ọ̀kan tí eléré kan ṣe, tí ISU, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré yìí lágbàáyé, tẹ̀ jáde síwájú, a sì ń ro ó pẹ̀lú ìwé tí mo rà, ṣùgbọ́n kò bára mu rárá. Ìwé mi sọ pé ìfò Lutz (ọ̀kan nínú mẹ́fà yẹn) oníyípo mẹ́rin jẹ́ máàkì 13.60, nígbà tí ìwé èsì kọ 11.50. Ìwé mi ní láti −3 dé +3 ni adájọ́ fi ń díwọ̀n bí ìfò ṣe dára tó, síbẹ̀ 4 àti 5 wà níwájú mi.

Èyí tí ó gba àkókò wa jù ni àfikún ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìwé náà ní ìfò yòówù tí ó bá bọ́ sí ìdajì kejì eré ni wọ́n ń fi kún iye rẹ̀. Bí a ti ń fi kún gbogbo wọn ni àròpọ̀ wa ń ga ju ti ISU lọ, a ó pa á rẹ́, a ó tún un rò, títí inú fi bí mi débi pé mo ti bírò sílẹ̀. Ọmọ náà ni ó rí i: “Àǹtí, ẹ wò ó, àwọn tí ó ní àmì x lára nínú ìwé èsì nìkan ni wọ́n fi kún.” Òótọ́ ni. Láti sáà 2018–19, ìfò tí ó kẹ́yìn nìkan ni àfikún náà wà fún nínú eré kúkúrú, àti mẹ́ta tí ó kẹ́yìn nínú eré gígùn (eré méjì tí eléré kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìdíje). Ní Òlíḿpíìkì PyeongChang ní ọdún 2018, Alina Zagitova, eléré ọmọ Rọ́ṣíà, kó gbogbo ìfò rẹ̀ sí ìdajì kejì, ó sì gba wúrà. Lẹ́yìn sáà náà ni ISU dín àfikún náà kù.

Nígbà tí a mọ̀ pé òfin àtijọ́ ni ìwé mi ń sọ, ìyókù tú. Ìpele kọ̀ọ̀kan láti −5 dé +5 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ìfò náà, nítorí náà bí Lutz yẹn bá gba 3, a ó fi 3.45 kún 11.50. Wọ́n ń yọ máàkì adájọ́ tí ó ga jù àti èyí tí ó kéré jù kí wọ́n tó pín ìyókù dọ́gba. Ọjọ́ tí àròpọ̀ wa bá tiwọn mu géérégé, inú mi dùn gan-an, orí mi sì wú nítorí ọmọ náà.

Mo kọ̀wé sí ẹni tí ó ta ìwé fún mi. Èsì rẹ̀ ni pé òfin ni òfin ń jẹ́, kò sì dá owó padà. Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo òfin wọ̀nyí lórí ìkànnì ISU.

Àwọn àyípadà ìgbẹ̀yìn kò dá wa dúró. Ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹwà eré di mẹ́ta ní sáà 2022–23. Ní ọdún 2022 kan náà ni wọ́n pinnu láti gbé ọjọ́ orí tí ó kéré jù fún ìdíje àgbà kúrò ní 15 lọ sí 17. Ní 2024 ni wọ́n gba títa òkìtì láàyè. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ó sì tún bí mi nínú, nítorí Surya Bonaly, eléré ọmọ Faransé, ta á ní Òlíḿpíìkì Nagano ní 1998, tí ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ èèwọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìwé òfin ṣáájú. Ìwé èsì ìdíje kan ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ wá wá tábìlì iye ìfò tí ọdún rẹ̀ bá ti ìdíje náà mu. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ kí oṣù náà tó dé lè má wúlò fún ìdíje tí ń bọ̀.