Ẹ fẹ́ ra MGB? Abẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Kò sẹ́ni tó máa rí mọ́tò MGB pupa tó ṣí òrùlé sílẹ̀, tí bónẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń dán gbinrin, tí ojú ẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́, èmi náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan àpò. Láti 1962 dé 1980 ni wọ́n fi ṣe mọ́tò yìí ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tí wọ́n ṣe lé ní 500,000, torí náà tí ẹni tó ń tà á bá ní "ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé e lọ́la o", ẹ ní kó gbé e fún onítọ̀hún, òmíràn wà níta.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni wàhálà ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1798cc yẹn lágbára, pátì ẹ̀ kún ìgboro, mẹkáníìkì gidi á tún un ṣe. Bọ́dì ló ń gbówó mì. MGB ò ní ṣáàsì lọ́tọ̀ o, bọ́dì yẹn náà ló gbé ara ẹ̀ dúró, irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń pè ní sill, òun leegun ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá sì ti dógùn-ún ẹ máa jó irin títí owó á fi tán.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, kẹ́ ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà ha ọ̀dà wọn, kẹ́ ẹ wá máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ sill àti yípo ibi tí táyà wà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń dí ihò bọ́dì, ni wọ́n rọ́ síbẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè náà. Mo ti wo ọ̀kan rí tí ìta ẹ̀ mọ́ tónítóní, ìgbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn ni wọ́n ki sínú ihò kí wọ́n tó fi fílà bò ó, mo ṣì rí èsì bọ́ọ̀lù kà lára ẹ̀! Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ máa wo àlàfo etí ilẹ̀kùn. Tí àlàfo yẹn bá yí padà tàbí tí ilẹ̀kùn ò ṣí dáadáa mọ́, ẹ máa lọ ilé yín. Tó bá sì kọ̀ láti gbé e, ìdáhùn náà nìyẹn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn àga, ibẹ̀ ni bátìrì wà, ásíìdì máa ń jẹ irin ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wà á, ẹ rí i pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tutù kẹ́ ẹ tó sítáàtì ẹ̀, torí àwọn kan á ti mú un gbóná dè yín. Tó bá ti gbóná tẹ́ ẹ sì ń sáré, géèjì ọ́ìlì yẹ kó wà ní nǹkan bíi 50 psi (agbára tí ọ́ìlì fi ń tì) sókè. Èéfín búlúù, ó ti ń jẹ ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ wíìlì onísípóòkù, tó sì ń dún "kọ́ń" tẹ́ ẹ bá fi gíá síwájú sẹ́yìn, eyín tó di wíìlì mú lè ti jẹ.

Láti ìparí 1974 ni wọ́n ti ń fi bọ́ńpà rọ́bà dúdú sí i, tí wọ́n sì gbé e ga sí i nítorí òfin Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn máa ń yínmú sí i, ìyẹn ló jẹ́ kó dínwó. Lójú tèmi o, onírọ́bà tí sill ẹ̀ le sàn ju onísílífà, ìyẹn èyí tí bọ́ńpà ẹ̀ jẹ́ irin dídán, tó ti jẹrà lọ.

Ẹ wo V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), kí nọ́ńbà ṣáàsì bá ti ara mọ́tò mu. Ẹ rántí pé mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọn ò bá yí i padà púpọ̀, kò nílò MOT (àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) mọ́, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó má sẹ́ni tó ti wo abẹ́ ẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ọ̀fẹ́ lẹ lè fi nọ́ńbà ẹ̀ wo ìtàn MOT lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ibẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ò ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún MOT kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san owó ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró sábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n bá ti gbé e sókè.