Alfa Romeo Giulia: Ohun Tí Ojú Àwọn Tó Mọ̀ Ọ́n Máa Ń Wá

Ẹ gbé ọkọ̀ Giulia àtijọ́ lọ sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọ̀dà ara rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka gbá abẹ́ ilẹ̀kùn, kọ́ kọ́ kọ́. Ẹlòmíì á ní kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tẹjú mọ́ nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kẹta á béèrè bóyá ẹ wà á wá ni, àbí ọkọ̀ akẹ́rù ló rù ú dé. Ẹni tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó kúrò nílé kò ní ìṣòro mọ́.

Giulia tí à ń wí ni ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí Alfa Romeo, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Ítálì, fi han aráyé ní pápá eré ọkọ̀ Monza ní oṣù kẹfà ọdún 1962, tí wọ́n sì ń ṣe títí di 1978. Kì í ṣe tuntun tó ń jẹ́ orúkọ náà báyìí. Ojú lásán á sọ pé páálí lẹni tó yà á wò yà á, ṣùgbọ́n ìwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe ń dá a dúró kò ju 0.34 lọ, nítorí bí wọ́n ṣe gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Ìyẹn ni wọ́n fi polówó rẹ̀ nígbà náà pé atẹ́gùn ló ya àwòrán rẹ̀. Ọlọ́pàá Ítálì fi lé ọlọ́ṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. (Ọwọ́ àwọn ará Ítálì nínú irú ọkọ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí wa náà: Faransé ló ni Peugeot 504, àmọ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya ara rẹ̀.)

Ara ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì tó kú ṣeé jí dìde, èlò rẹ̀ sì wà lọ́jà. Irin ara tó ti dípẹtà ni owó máa ń wọ̀ tí kì í jáde. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra Giulia, ẹ mú irin òòfà kékeré dání, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí òòfà kò bá ti lẹ̀ mọ́, pọ́tì ló wà níbẹ̀, irin ti lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀kùn, ní irin gígùn tó so táyà iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn. Ìpele ìpele ni irin yìí, inú ló sì ti ń jẹrà wá síta. Bí ìta bá ti ń yọ bíi kókó, inú ti di ìyẹ̀fun nìyẹn. Ojúkò jáàkì wà lára rẹ̀: ẹ ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ fi jáàkì gbé e síbẹ̀ lójú yín. Tó bá kọ̀, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó bá wà lókè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tún pa á dé. Ilẹ̀kùn tó há lójijì ń sọ pé ara ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàárín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ká rọ́ọ̀gì ilẹ̀ iwájú sókè, kí ẹ wo kòtò táyà àfipamọ́ nínú búùtù, ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ̀yìn táyà iwájú níbi tí ẹrẹ̀ máa ń kó sí, àti irin ìdábùú tó wà lábẹ́ rédíétọ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ihò tí omi ń gbà jáde. Bí ẹni tó kun ọkọ̀ bá ti fi ọ̀dà dí i, omi òjò á dúró sínú ilẹ̀kùn bí ìgbà tó wà nínú ìkòkò. Wáyà tín-ínrín ni a fi ń ṣí i.

Nọ́ńbà kì í purọ́

Irú Giulia kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. TI jẹ́ 105.14, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AR 00514. Super 1600, tó jáde ní 1965, jẹ́ 105.26, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ AR 00526. Bí ẹ bá rí AR 00548 lára búlọ́ọ̀kù, ẹ́ńjìnnì 1750, tó tóbi ju 1600 lọ, ni wọ́n gbé sí i. AR 00512 jẹ́ ti 2000. Lójú, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ fi máa ń nu ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ́ńjìnnì ńlá, ó tiẹ̀ ń dùn ún wà. Èyí tó burú ni kí ẹ san owó ojúlówó fún un, tàbí kí ẹ dúró sáàárín àwùjọ kí ẹ máa pè é ní ojúlówó.

Ibi tí ìtànjẹ ti pọ̀ jù ni TI Super, irú kan tó yàtọ̀ sí TI àti Super. 501 péré ni wọ́n ṣe. Ẹni tó bá ní òun ní ọ̀kan, ẹ béèrè ìwé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń fún onímọ́tò ní ìwé ẹ̀rí tó sọ irú èyí tí ọkọ̀ náà jẹ́ nígbà tó jáde, àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ítálì, ọkọ̀ tó bá ṣì ní pátákó nọ́ńbà dúdú tó gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ pélébé tí wọ́n ń pè ní libretto níye lórí ju èyí tó ti pààrọ̀ wọn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni ASI, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, àti Registro Italiano Alfa Romeo, ti àwọn tó ni Alfa.

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ aluminium, irin sì ni sílíńdà mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò rọ wọ́n mọ́ ọn, inú omi ni wọ́n jókòó sí, tọ́ọ̀pù sílíńdà ló tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá ti gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà kúrò, tó wá yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ péré, pístìnnì lè fa àwọn sílíńdà náà sókè, omi á sì ráyè ṣàn bọ́ sínú ọ́ìlì. Kó kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà ńlá dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ bá a sọ ọ́ kó tó mú sípánà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní òrùka rọ́bà kéékèèké tí ọ́ìlì ń gba àárín wọn gòkè. Rọ́bà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Agbára tó ń ti ọ́ìlì pọ̀ ju ti omi lọ, nítorí náà inú omi lọ́ìlì máa ń wọ̀. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: bí ohun tó wà níbẹ̀ bá rí bíi Milo tí wọ́n da mílíìkì sí, gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ẹ má fi ìfóòfó tó wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì ṣe ẹ̀rí, torí ọkọ̀ tí wọn kì í wà jìnnà nígbà òtútù máa ń ní in láìsí àìsàn kankan.

Omi ẹ̀rọ lásán ń jẹ aluminium. Ìdajì omi tí wọ́n ti sè di àfọ̀mọ́ àti ìdajì kúláǹtì tó wà fún aluminium ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ 20W-50, ó ń gba lítà mẹ́fà lé díẹ̀. Kílómítà 5,000 ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Lówùúrọ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan títí ọ́ìlì yóò fi gbóná. Omi máa ń yára gbóná ju ọ́ìlì lọ, gééjì omi sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Kábúrétọ̀ ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi. Super ní Weber 40 DCOE méjì, ojú mẹ́rin, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wíwo rẹ̀ nìkan sì ti dẹ́rù ba ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ló yẹ kí ọwọ́ kàn án. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, láàárín káámù àti fáàfù, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù bí ilẹ̀ òru. Ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ kéékèèké, ló ń ṣe ìwọ̀n rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ ṣíìmù láì gbé káámù sókè, ìdí tí ọ̀lẹ fi ń fò ó nìyẹn. Àlàfo fáàfù èéfín máa ń fẹ̀ ju ti fáàfù àbáwọlé lọ. Iye tó wà nínú ìwé ẹ́ńjìnnì tiyín gan-an ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ti 1600 kì í ṣe ti 2000. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ díẹ̀ kò léwu. Èyí tó dákẹ́ lójijì ni kí ẹ bẹ̀rù: fáàfù rẹ̀ kò fẹ́ pa dé mọ́, yóò jóná.

Ìṣáná ló kàn. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì, pọ́ìntì àti àkókò tí iná ń ṣáná. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni kí ẹ dúró dáadáa. Rọ́bà yẹn máa ń sán lábẹ́, níbi tí ojú kò tó, atẹ́gùn á sì máa gba ibẹ̀ wọlé láì gba ojú kábúrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi ìgò onífífọ́n wọ́n omi díẹ̀ yí rọ́bà kọ̀ọ̀kan ká. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà nígbà tí omi kàn án, ẹ ti mú olè. Bí gbogbo èyí bá tọ́ tán, ẹ wá yí súkúrúù ìdúrójẹ́ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé títí yóò fi kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ yí i síta ní ìgbà kan àti àbọ̀, kí ẹ fi gééjì atẹ́gùn bá kábúrétọ̀ méjèèjì dọ́gba, kí ẹ sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀.

Fún ẹni tó bá ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì: láti oṣù kẹsàn-án 2021, pẹtiróòlù lásán ibẹ̀ ti di E10, èyí tí ọtí pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ọtí náà sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ọtí rẹ̀ kéré, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo ọ́ọ̀sì pẹtiróòlù sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọtí.

Gíá kejì

Ọ̀pọ̀ Giulia tó ti rìn jìnnà ló ń ké nígbà tí wọ́n bá fi sí gíá kejì lówùúrọ̀. Síńkírò rẹ̀, òrùka tó ń mú kí gíá wọlé láìké, ló ti gbó. Ẹ dúró díẹ̀ ní àárín, láìsí gíá, kí ẹ tó wọ kejì, ẹ má sì fi agbára tì í. Ọ́ìlì gíá tí wọ́n kọ GL-4 sí lára ni kí ẹ dà sí àpótí gíá. GL-5 máa ń yọ̀ jù, síńkírò kì í rí nǹkan dìmú nínú rẹ̀. Ìdí ọkọ̀, ìyẹn dífúrẹ́ńṣà tó wà lẹ́yìn, ni GL-5 wà fún. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó bá gbéra, ẹ wo rọ́bà rìbìtì tó wà níwájú pùròpẹ́là kí ẹ tó lọ ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun.

Ọ̀sẹ̀ ìpàdé

Raduno ni àwọn ará Ítálì ń pe ìpàdé àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́: ẹ dé láàárọ̀ Sunday, ẹ tò wọ́n sí gbàgede, ẹ mu kọfí, ẹ jọ wọ́ tẹ̀ lé ara yín lọ síbi oúnjẹ ọ̀sán. Ti Villa d'Este ní etí adágún Como, ọ̀tọ̀ nìyẹn: ìdíje àwọn olówó ni, àwọn adájọ́ máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ fọ ọkọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó má jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà. Omi máa ń pamọ́ sínú ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn iná, á wá máa kán tótó lójú àwọn èèyàn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni: ọ̀kan ọṣẹ, èkejì omi lásán tí ẹ ó máa fi ṣan aṣọ ìfọ̀, láti òrùlé wá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á fún ọgbọ̀n kílómítà kó gbẹ, kí bírèkì sì nu ara rẹ̀.

Ẹ má kun ẹ́ńjìnnì ní fánísì. Ẹ má fi òróró dídán pa táyà. Ojú tó mọ Giulia fẹ́ rí aluminium bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, tí kò dán jù, àti wáyà púlọ́ọ̀gì tó gba ibi tó yẹ. Ẹni tó bá rí púlọ́ọ̀gì Golden Lodge àtijọ́, olójú mẹ́rin, wọ̀ ọ́, wọ́n á pe ara wọn wá wò ó. Ọ̀dà àtijọ́ tó ti ṣá díẹ̀ níyì ju ọ̀dà tuntun tí àwọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìwé Alfa lọ. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pé ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kí ojú rẹ̀ tutù tó, ẹ yọ ọ́.

Níbẹ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìwé sórí ìjókòó. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ oníkálukú láì tọrọ àyè. Bùkúlù bẹ́líìtì lásán lè ha ọ̀dà. Ẹ má sì gbá ẹ́ńjìnnì tútù ramúramù kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ojú táwọn àgbà ibẹ̀ fi máa wò yín, ẹ̀yin náà á mọ̀. Ohun tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Bí ẹ bá ti délé, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó da aṣọ bò ó. Aṣọ tó ń mí ni, kì í ṣe ọ̀rá. Kí ẹ tó lọ sùn, ẹ tẹ́ páálí ńlá sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lówùúrọ̀, ẹ fà á jáde, kí ẹ kà á. Ẹ̀kán dúdú níwájú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, ọ̀kan tàbí méjì kò tó pè ní àìsàn. Èyí tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ láàárín tàbí lẹ́yìn jẹ́ ọ́ìlì gíá tàbí ti ìdí. Tó bá ní àwọ̀ kúláǹtì, ẹ yẹ ọ́ọ̀sì rédíétọ̀ àti páǹpù omi wò. Ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó wà nítòsí táyà, ọ́ìlì bírèkì nìyẹn: ẹ má wà á lọ síbì kankan, kódà kó jẹ́ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ pè é wá bá a nílé.