Bí A Ṣe Ń Ṣe Àyẹ̀wò Amóníà fún Ajá Tí Ó Ní Àbùkù Àbímọ́ Lára Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀dọ̀

Ajá tí ó ní àbùkù yìí lè jẹun tán kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ lẹ́nu, kí ó máa pòòyì lójú kan, tàbí kí ó fi orí ti ògiri. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ìfun bọ̀, tí ó yẹ kí ó gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, amóníà, májèlé tí ẹ̀dọ̀ ì bá sọ di yúríà tí ó ń bá ìtọ̀ jáde, sì ti bá a dé ọpọlọ. Àwọn ajá kéékèèké bíi Yorkshire Terrier àti Maltese ni a máa ń bá a lára wọn jù.

Ẹ má ṣe fún ajá ní oúnjẹ fún wákàtí 12 ṣáájú àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí ó máa mu omi. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ajá kékeré, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà ẹranko léèrè, nítorí ebi lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀. Dókítà ni yóò fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin ẹ di ajá náà mú jẹ́jẹ́, nítorí ajá tí ó bá ń jà fitafita máa ń fi iṣan ara rẹ̀ tú amóníà kún ẹ̀jẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ń mu sìgá jìnnà síbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ ni lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ inú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ náà ṣì ń tú amóníà sílẹ̀, ooru sì ń mú un yá sí i. Mo ti rí i tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní Ìkòròdú ní òwúrọ̀, tí wọ́n fi rán ọlọ́kadà, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì dá a dúró ní Mile 12 títí oòrùn fi mú. Iye tí ẹ̀rọ gbé jáde ga débi tí wọ́n fi ń tọ́jú ajá tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Nítorí náà, ajá ni kí ẹ gbé lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, ẹ má ṣe gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rìn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ilé àyẹ̀wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìgò EDTA onídèérí àlùkò (èyí tí oògùn inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni kí wọ́n lò, kí ó ti tutù ṣáájú, kí ẹ̀jẹ̀ kún un dáadáa, kí wọ́n sì dé e pa lójú ẹsẹ̀. Fún yìnyín, èmi kì í ra èyí tí ó wọ́n: píọ̀ wọ́tà tí ó ti dì ni mo máa ń fọ́ sínú fúláàsì oúnjẹ, tí mo sì ń bu omi díẹ̀ lé e. Omi náà ṣe pàtàkì, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá di yìnyín, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò bẹ́, amóníà inú wọn yóò sì dà jáde. Kí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ mú ajá mìíràn tí ara rẹ̀ le dání, kí wọ́n fa tirẹ̀ náà lọ́nà kan náà. Bí ti ajá yẹn bá ga, ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ni ó kù díẹ̀ káàtó, ẹ tún un ṣe.

Ẹni tí kò bá lè gbé ajá débẹ̀, kí ó bẹ dókítà fún àyẹ̀wò ásíìdì òróòro, èròjà òróòro tí ẹ̀dọ̀ tí ó dá ṣáṣá máa ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀: a óò fa ẹ̀jẹ̀ kí ajá tó jẹun, a óò sì tún fà á ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ti èyí kì í tètè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bí amóníà ajá tí ó gbààwẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n pàápàá, kò tíì yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sùn. Ẹ ṣe ti òróòro kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí dókítà ti fún un ní láátúlóòsì (oògùn olómi tí ń dín amóníà ìfun kù), tí ẹ sì ti fi ẹyin àti wàràkàṣì rọ́pò ẹran màlúù, ilé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni kí ẹ padà sí, kí ebi ajá náà sì gùn tó ti tẹ́lẹ̀.